M5 tuntun: ṣé ọmọ bíbí ilé ni, àbí orúkọ nìkan ló jogún?

Gíà_Mẹ́fà:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ BMW M5 tuntun tí wọ́n ń pè ní G90 ni mo gbé wá. Ọdún 2024 ni wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì V8 (písítìnnì mẹ́jọ) oní-tọ́bò méjì, lítà 4.4, ló wà níwájú, wọ́n sì fi mọ́tò oníná sínú gíà. Àpapọ̀ agbára wọn jẹ́ ẹṣin 727, tọ́ọ̀kì sì jẹ́ 1,000 Nm. Kò sẹ́ni tó máa bá a jà lórí ìyẹn. Ìwọ̀n rẹ̀ ló ń kọ mí lóminú: 2,435 kg, awakọ̀ ò tíì wọlé o. F90 tó ṣáájú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 1,855 kg lọ nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Ilé iṣẹ́ fúnra wọn tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé G90 ń gbéra dé 100 km/h ní ìṣẹ́jú-àáyá 3.5, bẹ́ẹ̀ 3.3 ni F90 Competition, ẹ̀yà tó lágbára ju F90 lásán lọ, ń lò.

Mi ò bèèrè bóyá ó yára. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé bí a bá tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìran M5 àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní E28, E34, E39 àti E60, ṣé ohun tó sọ M5 di M5 ṣì wà nínú rẹ̀? Ẹni tó bá sì fẹ́ ra ọ̀kan nínú wọn lónìí, kí ló yẹ kó yẹ̀ wò kó tó sanwó?

Ọ̀gáPísítìnnì:

Gíà_Mẹ́fà, ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ogún náà jẹ́ ná, torí ọ̀pọ̀ ló ń bú ọkọ̀ yìí lórí ohun tí M5 ò ní rí.

E28 jáde ní 1985. Ohun tí BMW Motorsport ṣe ò ní àwíjàre: wọ́n mú 5 Series tí dókítà àti lọ́yà ń gùn lọ síbi iṣẹ́, wọ́n sì gbé ẹ́ńjìnnì tó ti ara M1 wá sínú rẹ̀. Písítìnnì mẹ́fà lórí ìlà kan, fáàfù 24, lítà 3.5, ẹṣin 286. M1 yẹn, ẹ́ńjìnnì àárín ló ní, ìjókòó méjì péré, ọkọ̀ eré pọ́nńbélé ni. Ẹni tó bá rí E28 lójú ọ̀nà kò ní mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì, àfi tó bá sún mọ́ ọn rí àmì M kékeré yẹn. Ìyẹn gan-an ni ogún: ẹ́ńjìnnì tí 5 Series yòókù kò ní, aṣọ tí kò pariwo, àti àyè fún àgbàlagbà mẹ́rin pẹ̀lú ẹrù wọn láti ìdájí títí di alẹ́.

Gíà ọlọ́wọ́ kò sí lára ogún yẹn. E60 tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù, SMG oní-gíà méje (gíà tí ẹ̀rọ ń bá awakọ̀ tẹ klọ́ọ̀ṣì rẹ̀) nìkan ló ní, Amẹ́ríkà ti Àríwá ni wọ́n ṣe gíà ọlọ́wọ́ mẹ́fà fún. Fífi ọwọ́ tò ó náà kò sí lára ogún yẹn: E28 àti E34 ni wọ́n fi ọwọ́ tò, orí ìlà iṣẹ́ BMW ní Dingolfing ni E39 ti bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn 5 Series yòókù, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń pè ní ọba gbogbo wọn títí dòní. Gbogbo ìran M5 ló ní òkú tí wọ́n ń sun ẹkún rẹ̀. Nígbà tí V8 dé ní 1998, wọ́n ní mẹ́fà-lórí-ìlà ti lọ. F10 gbé tọ́bò wá ní 2011, ó sì ń gba sípíkà kọ ohùn ẹ́ńjìnnì sí awakọ̀ létí (ìyẹn bí èmi náà nínú, n ò ní purọ́). F90 fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà á, wọ́n tún ní ayé ti bàjẹ́.

Wáyìí, fi ìwọ̀n yẹn wọn G90. Ẹ́ńjìnnì: nínú ìran 5 Series ti ìsinsìnyí, òun nìkan ló ní V8. Ó yege níbẹ̀. Wo ohun tí Mercedes-AMG ṣe sí C 63, wọ́n yọ V8, wọ́n fi lítà 2.0 oní-písítìnnì mẹ́rin rọ́pò rẹ̀. Àyè ènìyàn mẹ́rin: ó wà, ó tún pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ibi ẹrù ti dín kù sí lítà 466 nítorí àwọn nǹkan oníná tó wà nísàlẹ̀. Aṣọ jẹ́jẹ́ ni mo fi gbé òdo fún un. Ẹ̀gbẹ́ iwájú rẹ̀ fẹ̀ ju ti 5 Series lásán lọ ní milimítà 75, ẹ̀yìn ní 48. Gígùn rẹ̀ lé ní mítà márùn-ún. E28 ò ju mítà 4.62 lọ. Ọkọ̀ yìí ò lè fara pa mọ́ níbì kankan.

Ààrẹ_Táyà:

Ẹ̀gbọ́n Písítìnnì, mo gbà fún yín lórí gíà àti ibi tí wọ́n ti tò ó. Àmọ́ ẹ fo ìwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Gíà tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, o lè kọ́ ọ mọ́ra. Táyà mẹ́rin tó ń fà, F90 àti G90 ní ibi tí wọ́n ti ń pa á kó lè di ẹ̀yìn nìkan. Bọ́tìnnì wo lẹ máa tẹ̀ tí 500 kg á fi sọ̀ kalẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. E28: 1,430 kg fún ẹṣin 286, kg márùn-ún ni ẹṣin kọ̀ọ̀kan ń gbé. E39: 1,720 fún 400, ó di 4.3. E60: 1,755 fún 507, ó di 3.46. F90: 1,855 fún 600, ó bọ́ sí 3.09. G90: 2,435 fún 727, ó padà lọ sí 3.35. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí M5 tuntun máa burú ju bàbá rẹ̀ lọ lórí ìṣirò yìí.

Ìyẹn gan-an ò wá tó ti bíréèkì. Ní 200 km/h, agbára tó wà nínú ìrìn F90 tó megajoule 2.9. Ti G90 lé ní 3.7. Fi ìdá 31 nínú 100 kún ooru tí díìsìkì àti páàdì ní láti gbé mì ní gbogbo ìgbà tí o bá tẹ̀ ẹ́ láti eré yẹn dúró. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, o ò ní mọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹẹ̀ẹ́dógún lórí Nürburgring, pápá eré ní Jámánì, páàdì á ti gbóná kọjá ibi tó ti ń di nǹkan mú, ọ́ìlì bíréèkì á máa hó, ẹsẹ̀ rẹ á sì máa wọlẹ̀ bí ẹni tẹ kànrìnkàn. Nítorí náà, ẹni tó bá máa gbé e lọ sórí pápá eré, kó ra bíréèkì carbon-ceramic láti ilé iṣẹ́, kó sì pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì sí DOT 4 tí kì í tètè hó kó tó lọ. Táyà 285/40 R20 níwájú àti 295/35 R21 lẹ́yìn, èjìká ìta ti iwájú ló máa kọ́kọ́ jẹ tán. Ẹ máa fi ojú sí i, torí àárín táyà á ṣì máa dán gbinrin nígbà tí èjìká ti dé wáyà.

Ọ̀gáPísítìnnì:

Ìṣirò rẹ dára, Ààrẹ, àmọ́ kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. O fo E34 àti F10. E34 jáde pẹ̀lú ẹṣin 315, ó sì wọ̀n tó 1,670 kg, ìyẹn jẹ́ 5.3. Ó burú ju 5.0 ti E28 lọ, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ní kì í ṣe M5. Wọ́n fẹ ẹ́ńjìnnì náà sí lítà 3.8 lẹ́yìn náà, ó di ẹṣin 340, ara sì tù ú. F10 jẹ́ 1,870 fún 560, ìyẹn 3.34. Ibi tí G90 wà gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ohun tó yẹ kó o sọ rèé: 727 yẹn kì í wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà. V8 nìkan jẹ́ 585 nígbà tí G90 kọ́kọ́ jáde. Bí bátìrì bá lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mọ́tò oníná ò lè ṣe tirẹ̀ dáadáa, 2,435 fún 585 máa fún ọ ní 4.16. O ti fẹ́ẹ̀ padà sọ́dọ̀ E39 nìyẹn. BMW máa ń fi díẹ̀ pa mọ́ sínú bátìrì kó má bàa ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú títì lásán, pápá eré sì ni ẹni tó bá ń rán an lẹ́sẹ̀ á ti bá a pàdé.

Gíà_Mẹ́fà:

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àwọn ti àtijọ́ dáadáa, ẹ dákun, E39 àti E60 ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ lé. Kí ló ń bà wọ́n jẹ́?

Ẹ́ńjìnnì_Ò_Purọ́:

E39 ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, S62, lítà 4.9, ẹṣin 400, gíà ọlọ́wọ́ mẹ́fà nìkan. Sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan ọkọ̀ sílẹ̀ dè ọ́. Tútù ni kó o bá a. Gbé ọwọ́ lé bọ́ńẹ́ẹ̀tì kó o mọ̀ bóyá wọ́n ti ń tan án láàárọ̀. Tó o bá tan án, VANOS (ohun tó ń yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà) á han díẹ̀ bí ẹni da òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo, ó sì yẹ kó rọlẹ̀ bí ọ́ìlì bá ti gùnkè. Bó bá ń han lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ọ̀rọ̀ ti kọjá rọ́bà tó ń dí i lójú, ẹ máa tú iwájú ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ náà ni ike tó ń tọ́ ṣéènì wà. Ike ni, ó ń gbó, ó ń di gbẹrẹfu, á sì kán. Bí wọ́n bá rí ìdọ̀tí ike nínú páànù ọ́ìlì, ike ṣéènì ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Iṣẹ́ VANOS àti ti ṣéènì ò yẹ kó yàtọ̀, torí ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà débẹ̀. Kí wọ́n ṣe méjèèjì pọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, sìkánà. Sẹ́ńsọ̀ kámú mẹ́rin ló wà lórí ẹ́ńjìnnì yẹn, sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ méjì. Bó bá ń fà jẹ́jẹ́ ní ìsàlẹ̀ tí kò wá fẹ́ gùn mọ́ lẹ́yìn 4,000 RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), tí kò sì sí iná kankan lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ ni kó o kọ́kọ́ fura sí. Yọ wáyà rẹ̀ kó o tún wà á: bó bá dára ju tẹ́lẹ̀ lọ, o ti mú olè. Klọ́ọ̀ṣì: wọ gíà kẹrin ní 60 km/h, tẹ̀ ẹ́ délẹ̀. Bí RPM bá fò sókè tí eré ò bá a lọ, klọ́ọ̀ṣì ti jẹ tán. Bí sítíárìn bá ń gbọ̀n nígbà tí o bá ń tẹ bíréèkì láàárín 100 sí 80 km/h, má jẹ́ kí wọ́n tan ọ́ pé díìsìkì ni, búṣì apá iwájú ló sábà máa ń jẹ́. Gbé e sórí jáàkì kó o wo ẹnu ibi tí wọ́n ń gbé jáàkì sí, lábẹ́ ike dúdú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn. Ìpatà ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kó tó hàn síta.

E60 ni ọ̀rọ̀ wà. V10, lítà 5.0, ẹṣin 507, RPM rẹ̀ ń lọ dé 8,250. Kò sí ẹ́ńjìnnì M5 mìíràn tó ń dún báyìí. Bó o bá tan án, ẹṣin 400 ló fi ń sinmi, ìwọ ló máa tẹ bọ́tìnnì kó tó tú ìyókù sílẹ̀. Bíárìn kọ́nírọ́ọ̀dù (irin pẹlẹbẹ tó wà láàárín ọ̀pá písítìnnì àti kránkì) ni àìsàn rẹ̀ tó le jù. Àyè tó wà láàárín bíárìn àti kránkì tín-ín-rín, ọ́ìlì 10W-60 sì ki. Ní òwúrọ̀ tútù, ọ́ìlì tó ki yìí kì í tètè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá ń rán an lẹ́sẹ̀ láìtíì gbóná, irin ń fi ara gbo irin, ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀, kì í sì í kígbe títí tó fi máa kọ lù. Ìgbà tó bá kígbe, kránkì ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ojú mítà RPM ní iná kéékèèké olómi ọsàn tó ń parẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọ́ìlì ṣe ń gbóná, E39 náà ní i. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ibi tí iná náà bá dúró sí ni kí RPM dúró sí.

Kó o tó rà á, bèèrè ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ bíárìn, àti kìlómítà tó wà lójú mítà nígbà náà. Bí kò bá sí ìwé, kà á sí iṣẹ́ tí wọn ò tíì ṣe, kó o yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tó o máa san. Mẹ́káníìkì á so ẹ́ńjìnnì rọ̀ láti òkè, á sọ férémù iwájú kalẹ̀, á tú páànù ọ́ìlì. Kọ́nírọ́ọ̀dù mẹ́wàá ni, bíárìn kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlàjì méjì. Bóòtù rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, torí ó máa ń nà nígbà tí wọ́n bá dì í, kò sì ṣe é lò lẹ́ẹ̀kejì. Láàárín ìgbà kan tí wọ́n pààrọ̀ bíárìn sí òmíràn, gba ọ́ìlì díẹ̀ sínú ìgò nígbà tó o bá ń pààrọ̀ rẹ̀, kó o fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ọ́ìlì wò. Òjé àti bàbà ni kó o máa wò. Ẹ̀ẹ̀kan ò sọ nǹkan púpọ̀. Bó bá ń gùn láti ìgbà dé ìgbà, bíárìn ń jẹ. Ọ́ìlì náà tó lítà 9.3, kó má yà ọ́ lẹ́nu.

Mọ́tò kékeré méjì tó ń ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ náà ní eyín ike nínú tó ń jẹ. Ọkọ̀ á kàn dín agbára kù lójú ọ̀nà. SMG ńkọ́? Ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀ kó o tẹ́tí: pọ́ọ̀ǹpù rẹ̀ á kùn ní ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, á dákẹ́. Bó bá ń tan ara rẹ̀ tó ń pa ara rẹ̀ léraléra nígbà tí ọkọ̀ dúró, ìfúnpá ń sá níbì kan. Kúrò níbẹ̀, tàbí kó o dín owó gidigidi.

Ààrẹ_Táyà:

Gbogbo ohun tó sọ yìí ni ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń sá fún V10. Ẹ ò tíì dárúkọ F90 CS ti 2021, bẹ́ẹ̀ lójú tèmi òun ni M5 ìkẹyìn tó fi gbogbo ara jọ bàbá rẹ̀. Ẹṣin 635, ó fi 70 kg fúyẹ́ ju Competition lọ, ìṣẹ́jú-àáyá 3.0 ló fi ń dé 100 km/h. Wọ́n yọ ìjókòó àárín ẹ̀yìn, ènìyàn mẹ́rin ló ń gbé. Kò pọ̀ lọ́jà, kò sì ní dínwó.

Bọ́ńẹ́ẹ̀tì:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Gbogbo yín ń fi ìṣirò dájọ́ G90, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń dán an wò, torí ọ̀pọ̀ ni ẹni tó ń tà á máa ń fi ipò tí kò bá a mu gbé e fún.

Ìdí tí wọ́n fi gbé oníná sínú rẹ̀ ni òfin èéfín ní Yúróòpù. Ìpíndọ́gba èéfín gbogbo ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ bá tà ni wọ́n ń kà sí wọn lọ́rùn. V8 lásán á gbé ìpíndọ́gba yẹn ga. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má dúró de G90 tí kò ní bátìrì.

Bátìrì rẹ̀ ní 18.6 kWh tó ṣe é lò. BMW ní ó lè rìn tó 67 sí 69 km láìtan V8, eré rẹ̀ lórí iná nìkan sì ń dé 140 km/h. Ọjọ́ tó o bá máa dán an wò, ní kí wọ́n gba iná kún un tẹ́lẹ̀. Kọ́kọ́ wà á lórí iná nìkan láàárín ìlú kó o lè gbọ́ ohun tí táyà àti ṣọ́ọ̀kù ń ṣe, torí V8 kò ní bo ariwo mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, tẹ bíréèkì láti 50 km/h jẹ́jẹ́ títí tó fi dúró, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mẹ́rin. Mọ́tò ló ń kọ́kọ́ fa ọkọ̀ sẹ́yìn, páàdì á wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn ni kó o fi ẹsẹ̀ wá. Bó bá ń já ẹ lẹ́sẹ̀ níbẹ̀, kò ní sàn lọ́la.

Èyí tó kù ni bí o ṣe máa tò ó. Má fi gbogbo nǹkan sí Sport Plus lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ní ó le bí igi. Fi ẹ́ńjìnnì sí Sport Plus, ṣọ́ọ̀kù sí Comfort, sítíárìn sí Comfort, bíréèkì sí Comfort, kó o fi fífà sí 4WD Sport (táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àmọ́ ẹ̀yìn ló ń gba agbára jù). Pa á mọ́ sórí bọ́tìnnì pupa tí wọ́n kọ M1 sí lára sítíárìn (kì í ṣe ọkọ̀ M1 ìṣáájú yẹn). Fún bọ́tìnnì kejì, M2, fi ṣọ́ọ̀kù sí Sport, kó o gbé fífà sí 2WD (táyà ẹ̀yìn nìkan), ìyẹn ò ní gbà àfi tó o bá pa DSC (ètò tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀) pátápátá, nítorí náà pápá eré ni àyè rẹ̀. Bí ó bá ní M Drive Professional, wàá rí Dynamic àti Dynamic Plus. Dynamic Plus ń tú gbogbo agbára bátìrì sílẹ̀, fún ìgbà díẹ̀ ni. Dynamic ló ń pín in kó lè tó yíká gígùn. Ẹni tó bá lọ fi Dynamic Plus rìn ní Nordschleife, yíká gígùn Nürburgring, 4.16 tí ọ̀gá Písítìnnì ṣírò yẹn ló ń fà sún mọ́ ara rẹ̀.

Bó o bá tò ó báyìí, wàá rí i pé ọkọ̀ náà ń yí sí kọ́nà ju bó ṣe yẹ kí 2,435 kg yí lọ, nítorí táyà ẹ̀yìn náà ń yí díẹ̀, tó dígírì 1.5. Ibi tí ìwọ̀n ti ń jáde síta ni ojú ọ̀nà tó dìde tó sì sọ̀ lójijì. Ara ọkọ̀ á kọ́kọ́ gòkè, á padà wá, á wá dà bíi pé ó ń ronú kó tó jókòó. E39 kì í ronú. Ìyàtọ̀ tó kù láàárín wọn nìyẹn, kò sì sí bó o ṣe lè tò ó kúrò.

Gíà_Mẹ́fà:

Ọ̀gá Bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣeun. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: ẹni tí kò ní ibi tó ti lè gba iná sí i nílé ńkọ́?

Bọ́ńẹ́ẹ̀tì:

Má rà á. V8 lè gba iná sínú bátìrì fúnra rẹ̀ bó o bá fi í sí eControl, àmọ́ epo lo fi ń ra iná yẹn, táńkì rẹ̀ ò sì ju lítà 60 lọ. Ẹni bẹ́ẹ̀, kó lọ wá F90 Competition tí ìwé ìtọ́jú rẹ̀ pé.